Ọwọ́ Ọ̀tún fún Olúrónkẹ́

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 2024, Olúrónkẹ́ aya Dúrójayé kú ní ilé ìwòsàn kan ní Torino, nílẹ̀ Ítálì. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Àìsàn kíndìnrín ló pa á. Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn ò gbé e lọ sílé. Ọ̀nà jìn, owó tí wọ́n fi ń gbé òkú wọ ọkọ̀ òfuurufú sì ju ti alààyè lọ. Inú ògiri ni wọ́n sin ín sí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn: wọn á mọ ògiri gbọọrọ, wọn á dá ihò sí i lára bí ilé ẹyẹlé, ihò kan fún òkú kan, wọn á wá fi òkúta dídán dí ojú rẹ̀. Loculo ni wọ́n ń pè é. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tí alààyè lè dúró síwájú rẹ̀ kó bá òkú sọ̀rọ̀, òun ló wọ́n jù. Bó bá ṣe ń gòkè ló ń rọjú. Ìpele karùn-ún, lókè téńté, ni agbára Dúrójayé ká.

Kò bẹ ẹnikẹ́ni fún àforíjì lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ní Barriera di Milano, àdúgbò wọn, ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó gbé ìyàwó rẹ̀ kọ́ sára ògiri bí kàlẹ́ńdà, ó gbọ́, ó sì dá wọn lóhùn lójúkojú.

"Ẹni tó bá ní ilẹ̀ nínú yín, kó mú un wá."

Kò sẹ́ni tó ní ilẹ̀ nínú wọn.

Ohun tó dé lẹ́yìn ìsìnkú ló wá di ìjàngbọ̀n. Ọdún méjìlélógún ni Dúrójayé fi gbé ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan, ní Collegno kó tó fẹ̀yìn tì, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì jẹ jù. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, Olúrónkẹ́ á gbé omi kaná, á ki tówẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, á fún un, á gbé e lé èjìká náà. Lẹ́yìn náà ni yóò bu òrí sọ́wọ́, tí yóò wá máa fi wọ́ ọ títí ọkọ rẹ̀ á fi máa ké.

"Ẹ rọra ké o, Bàbá Ṣọlá," ni obìnrin náà máa ń wí. "Àwọn ará òkè á rò pé mo ń lù yín."

Nígbà tó kú, Sátidé kú pẹ̀lú rẹ̀. Kí oṣù kẹrin tó parí, apá ọ̀tún ò gòkè kọjá àyà mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní spalla congelata ni, pé èjìká náà ti dì gbagidi bí ẹran inú fíríìsà, kó lọ forúkọ sílẹ̀ fún fisioterapia ti ìjọba. Ó lọ. Wọ́n fún un ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀.

Nínú oṣù karùn-ún, Adéṣọlá wọkọ̀ ojú irin wá láti Padova. Òun nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí. Padova ló ti kàwé gboyè, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Yorùbá tí bàbá rẹ̀ bá sọ, ó gbọ́ ọ ní àgbọ́yé, ṣùgbọ́n èdè Ítálì ló sábà máa ń fi dáhùn. Bàbá àti ọmọ jọ lọ sí itẹ́ òkú. Wọ́n ti àkàbà onítáyà tí wọ́n ń gbé síbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, wọ́n tì í dé ìdí ògiri, Dúrójayé sì gùn ún dé àtẹ̀gùn ìkẹyìn. Ó fi ọwọ́ òsì di irin mú. Ó gbé ojú sókè. Fọ́tò Olúrónkẹ́ wà lára òkúta, kékeré, roboto, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Eruku ti bò ó lójú, ẹyẹ kan sì ti yàgbẹ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Dúrójayé mú aṣọ, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà dé ìpele kẹrin, ó kọ̀. Ìyẹn ni pé òkúta ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Matteo ni aṣọ náà kàn. Ó tún na ọwọ́. Matteo náà ni. Nígbà tí yóò fi di ìgbà kẹta, Matteo ti mọ́ tónítóní, Olúrónkẹ́ ṣì wà nínú ìdọ̀tí.

"Papà, usa la sinistra," Adéṣọlá pè láti ìsàlẹ̀.

"Kí lo wí?"

"La sinistra. Ẹ fi ọ̀tún di irin mú, kí ẹ fi òsì nù ún. Due minuti, ó tán."

Dúrójayé bojú wolẹ̀. "Adéṣọlá. Ṣé kí n na ọwọ́ òsì sí ìyá rẹ lójú?"

"Papà, è una foto."

"Fọ́tò ta ni?"

Ọmọ náà gbé ojú sókè wo fọ́tò náà.

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí a fi jọ gbé, n ò fi ọwọ́ òsì gba ife omi lọ́wọ́ ìyá rẹ rí. Ìgbà tó kú kọ́ ni màá bẹ̀rẹ̀."

"Allora ẹ sọ̀ kalẹ̀. Màá gùn ún, màá fi ọwọ́ ọ̀tún tèmi nù ún."

"Gùn ún. Nù ún. Tìrẹ ni ti ọmọ, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ti ọkọ lọ́tọ̀. Ọjọ́ tó bá pé ọdún kan, ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ló máa débẹ̀."

Adéṣọlá gùn ún, ó sì nù ún. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, bàbá rẹ̀ ju téèpù ìwọnlẹ̀ sí i, ó ní kó wọn ún láti orí àtẹ̀gùn ìkẹyìn. Dé àgbọ̀n Olúrónkẹ́, mítà méjì géérégé. Dé iwájú orí rẹ̀, ó fi nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan lé. Nígbà tí Dúrójayé délé, ó wọn mítà méjì sára ògiri ilé ìdáná. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣó tí Olúrónkẹ́ máa ń gbé kàlẹ́ńdà kọ́ wà. Ó yọ kàlẹ́ńdà kúrò, ó fi ìṣó sílẹ̀.

Ohun tó kù ni ẹni tí yóò tú èjìká náà.

Adéṣọlá ló kọ́kọ́ wá ojútùú. Nínú oṣù kẹfà, fún ọjọ́ ìbí bàbá rẹ̀, ó sanwó ọjọ́ kan fún un ní ilé ìtura ńlá kan lẹ́bàá òkè tó wà lẹ́yìn Padova, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde látinú ilẹ̀. Wọ́n ní èèyàn á kọ́kọ́ wọ omi, wọn á wá wọ́ ọ lára. Dúrójayé gbọ́ pé ibi ìwẹ̀ ni, ó sì múra ìwẹ̀ lọ. Ó di ọṣẹ dúdú sínú ọ̀rá, ó mú kànìnkànìn tuntun dání. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi láàárín àwọn òyìnbó tó lé ní ogún, gbogbo wọn jókòó jẹ́jẹ́, wọ́n di ojú bí ẹni ń gbàdúrà. Ó kí wọn. Ó ti ha orí tán, ó ti ha àyà, ìfófòó ti ń rìn lọ lójú omi bí àgùntàn, kí ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun tó sáré dé etí omi.

"Signore! No! Niente sapone!"

"Ṣé ibi ìwẹ̀ kọ́ nibí ni?" Dúrójayé bi í lédè Ítálì.

"Sì, ma non per lavarsi!"

Dúrójayé rò ó wò: ibi ìwẹ̀ tí èèyàn kì í ti í wẹ̀. Ó ṣan ìfófòó orí rẹ̀ nù dáadáa kó tó jáde. Kò kánjú. Ó ní ojú kì í ti ẹni tó mọ́.

Nígbà tí wọ́n wá ń wọ́ ọ lára, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú òkùnkùn ni, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ tó ń ké bí ẹyẹ. Ọmọbìnrin tó ń wọ́ ọ ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ológbò lára. Ó to òkúta gbígbóná sí i lẹ́yìn, ó bi í bóyá ó ń dùn ún. Dúrójayé ní kò dun òun rárá, ohun tó ń bí òun nínú nìyẹn. Iye tí Adéṣọlá san fún ọjọ́ yẹn, èèyàn á fi jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Apá náà ò gòkè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?" ọmọ náà bi í ní ibùdókọ̀ ojú irin.

"O ṣeun. Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti ń san owó ńlá kó má baà ké, kì í ṣe ibi ìwòsàn. Ìyá rẹ ò jẹ́ kí n má ké."

Ràhímátù ló fi ọ̀nà hàn án. Ràhímátù ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Barriera di Milano, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra gààrí àti epo, tí wọ́n sì ti ń fowó ránṣẹ́ sílé. Kòríkòsùn Olúrónkẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Dúrójayé wọlé lọ́jọ́ kan láti ra òrí.

"Bàbá Ṣọlá, ta ló ń bá yín fi òrí pa èjìká báyìí?"

"Èmi náà ni."

"Ọwọ́ wo? Èyí tí kò gòkè àbí èyí tó ń sinmi?"

Dúrójayé fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti fi gègé kọ nǹkan sára ọ̀rá òrí.

"Ẹ gba àdírẹ́sì yìí. Ará Thailand ni, Signora Malee. Òun ló ń tú ìbàdí mi fún mi láti ọdún mẹ́ta. Ẹ gbọ́ o, nítorí ibi tí wọ́n ti ń wọ́ ara pọ̀ nílùú yìí bí ilé tẹ́tẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti fi kọ́tìnì dí fèrèsé, ẹ kọjá. Ibi tí wọn ò bá kọ iye owó síta, ẹ kọjá. Ibi tí wọ́n bá ti gba owó kí wọ́n tó bi yín pé kí ló ń ṣe yín, ẹ kọjá kíákíá. Ẹ wá ibi tí wọ́n á ti kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó bá lè fọ ẹsẹ̀ arúgbó, á lè fọwọ́ kan èjìká ẹ̀."

"Ta ni arúgbó?"

"Èmi ni, sà. Ẹ máa lọ."

Ṣọ́ọ̀bù Signora Malee kò ju yàrá méjì lọ, ó dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ gíláàsì ni látòkè délẹ̀. Wọ́n kọ owó sára páálí: ọgbọ̀n yúrò fún wákàtí kan. Obìnrin náà kúrú, ó lè tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó gbé abọ́ omi wá, ó fọ ẹsẹ̀ Dúrójayé, ó nù ún gbẹ. Nígbà náà ló tó bi í pé kí ló ń ṣe é. Ìwọ̀nba ni èdè Ítálì tí àwọn méjèèjì gbọ́, ìwọ̀nba náà sì dọ́gba, wọ́n wá yé ara wọn ju bí dókítà ṣe yé wọn lọ.

Ó dùbúlẹ̀. Obìnrin náà fi ìgbọ̀nwọ́ wá ibi tó ń dunni lábẹ́ egungun èjìká, ó rí i, ó sì dúró lé e lórí pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. Dúrójayé ké. Ẹni tó ń ta táyà ní òdì kejì gbé orí sókè.

"Respira," Signora Malee wí. Kó mí.

Ó mí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa bọ́. Láti oṣù kejì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún.

Ní ìgbà kejì, ó gbé òrí lé tábìlì, ó ní òun ni kó lò dípò òróró olóòórùn òdòdó yẹn. Obìnrin náà gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú, ó lò ó. Ní ìgbà kẹrin, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń tà á.

"Ọwọ́ tèmi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀," ó ṣàlàyé fún un. "Ọwọ́ tìrẹ, lójoojúmọ́." Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ìka rìn gòkè lára ògiri bí aláǹtakùn, tí yóò sì máa fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí ìka bá dé. Láti ìgbà náà ni ògiri ilé ìdáná ti ń kún fún ìlà. Lóṣù kẹjọ, nígbà tí gbogbo Torino ti ilẹ̀kùn lọ sétí òkun, Malee ṣí tirẹ̀. Ìlà dé ọrùn. Lóṣù kẹsàn-án, ó dé ẹnu. Ó kù púpọ̀ kó tó dé ìṣó.

Nínú oṣù kẹwàá, Alàgbà Ọlátúnjí, olórí ìjọ wọn, rí i láti inú bọ́ọ̀sì bó ṣe ń wọ ọ̀dọ̀ Malee. Ọdún mẹ́sàn-án ni kọ́kọ́rọ́ ìjọ fi wà lọ́wọ́ Dúrójayé. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn ní gbogbo Sunday, tó ń tan iná ìmóoru kí àwọn èèyàn tó dé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè é sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Alàgbà jókòó, àwọn bàbá ìjọ méjì jókòó tì í.

"Bàbá Ṣọlá, wọ́n rí yín."

"Níbo?"

"Níbi tí wọ́n ti ń wọ́ èèyàn lára. Obìnrin ló ṣílẹ̀kùn fún yín."

"Òótọ́ ni. Òun ló ni ilẹ̀kùn."

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ìjọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀," Alàgbà wí. "Ìyàwó yín ò tíì pé ọdún kan lọ́run. Dúrójayé! Ṣé ayé tí wọ́n ní kí ẹ dúró jẹ náà nìyí?"

"Alàgbà, gíláàsì ni ilẹ̀kùn yẹn. Inú bọ́ọ̀sì lẹ wà tí ẹ ti rí mi. Ẹni tó bá fẹ́ hùwà ìkọ̀kọ̀, ṣé inú gíláàsì ló máa dùbúlẹ̀ sí?"

"Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀."

"Ẹnu wọn ń gòkè dáadáa. Apá mi ni ò gòkè."

"Àdúrà ló kù. Ẹ jẹ́ ká gbà á sí i."

"Ẹ ti ń gbà á láti oṣù karùn-ún. Mo ń ṣe àmín. N ò sọ pé àdúrà ò dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń ṣe àmín nìkan, ibí ni apá mi ń dé." Ó fi ọwọ́ kan àyà. "Bí obìnrin yẹn kì í bá ṣe ìdáhùn àdúrà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìrísí tí ìdáhùn máa ń ní fún mi."

Alàgbà Ọlátúnjí ò fẹ́ràn kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè. Ó fọwọ́ gbá tábìlì. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé Ọlọ́run sílẹ̀."

Dúrójayé dìde. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. Kò gbé wọn kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbé wọn sókè, díẹ̀díẹ̀, ó kọjá àyà, ó kọjá àgbọ̀n, òógùn bo imú rẹ̀, títí ọwọ́ fi dé ẹ̀gbẹ́ etí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i. Ó wá jọ̀wọ́ wọn. Wọ́n bọ́ sórí tábìlì, wọ́n ró wooro.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń há," ó wí. "Èjìká lẹ máa fi tì í."

Kò kúrò nínú ìjọ. Sunday tó tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí àga ìkẹyìn, nínú otútù, nítorí kò sẹ́ni tó rántí tan iná ìmóoru. Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, ó lọ sọ́dọ̀ Malee.

Ọjọ́ pé. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 2025. Lálẹ́ ọjọ́ Wẹ́sídeè, ìka àárín rẹ̀ ti kan ìṣó kàlẹ́ńdà, ó kù díẹ̀ kó lè fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Adéṣọlá gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó mú òdòdó funfun mẹ́ta dání wá. Kùrukùru bo itẹ́ òkú, otútù sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí irin àkàbà ń ta èèyàn lọ́wọ́. Dúrójayé gùn ún, ó na apá, apá náà dúró síbi etí. Gbogbo oṣù méje tó fi ké níwájú ẹni tó ń ta táyà, otútù fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Aṣọ tún kan Matteo.

Òṣìṣẹ́ itẹ́ òkú kan ń kọjá lọ. Ó na búrọ́ọ̀ṣì kan tí igi rẹ̀ gùn sí wọn. "Signore, ẹ lo èyí. Gbogbo èèyàn ló ń lò ó."

"Grazie," Dúrójayé dá a lóhùn. "Fèrèsé kọ́ ni. Ìyàwó mi ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ro ọ̀rọ̀ otútù ṣáájú. Ó yọ fúláàsì omi gbígbóná nínú báàgì, ó yọ tówẹ́ẹ̀lì, ó yọ agolo òrí. Ó bọ́ ẹ̀wù òkè kúrò ní èjìká kan, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀. Adéṣọlá wo tówẹ́ẹ̀lì náà. Gbogbo Sátidé ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń wò ó. Ó da omi sí i, ó fún un, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lójú ibi tó dì. Ó wá bu òrí, ó tẹ àtàǹpàkò méjèèjì mọ́ ọn lábẹ́ egungun. Dúrójayé ké.

"Ẹ rọra ké," Adéṣọlá wí, ní Yorùbá. "Wọ́n á rò pé mo ń lù yín."

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún dé agolo, òrí sì yí i níka. Ó dìde, ó tún gùn ún.

Ó na apá. Ó kọ́kọ́ gbé ìka lé òkúta Matteo, ó sinmi, ó mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka rìn bí aláǹtakùn. Ó dé etí òkúta Olúrónkẹ́. Ó dé orúkọ rẹ̀. Ó dé àgbọ̀n. Ó gbé gìgísẹ̀ sókè, ó nu ẹnu, ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó nu ojú kan, ó nu ìkejì. Gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ òsì ò kúrò lára irin.

"Iwájú orí kù," Adéṣọlá wí láti ìsàlẹ̀.

"Mo rí i. Mo ń padà bọ̀ wá."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lọ wọ tíráàmù, kò sì sí èyí tó rántí palẹ̀ mọ́ nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn nìyí: òdòdó funfun mẹ́ta nínú ife kékeré ara òkúta. Agolo òrí kan, tó kù sí ìdajì, lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ àkàbà. Tówẹ́ẹ̀lì kan lórí irin, tó ti tutù. Àmì ìka mẹ́rin olóròóró lára òkúta Matteo. Àti eruku díẹ̀ níwájú orí Olúrónkẹ́, tí ìbú rẹ̀ ò ju ti àtàǹpàkò lọ, tí ọwọ́ ọ̀tún ò tíì dé.